Ohun Tí Merle Rí Nínú Awò Ìbọn Rẹ̀

R.D. 2, Tannery Hollow,
Potter County,
Pennsylvania.
Ọjọ́ Kẹrin, Oṣù Kejìlá, 1987.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Orúnkún yín ńkọ́, ṣé ó ti gbọ́rọ̀ sí oòrùn Arizona lẹ́nu, àbí ó ṣì ń ṣagídí? Bọ̀ọ̀dá Floyd ńkọ́? Mo mọ̀ pé oorun ọ̀sán wọn kò lè dín kù láé. Níbí, ara wa le, a dúpẹ́. Yìnyín ti bo àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé wa láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ajá wa kò sì fẹ́ jáde mọ́ àfi bí mo bá ṣáájú rẹ̀. Páálí ọsàn tí ẹ fi ránṣẹ́ ti dé, mẹ́rin péré ló bàjẹ́ nínú rẹ̀. Wendell ti wá gba tirẹ̀. Ara ọmọ yín dá ṣáṣá, ẹ̀gbọ́n mi, kò sóhun tó ṣe é. Mo tètè sọ ìyẹn ná, torí ọ̀rọ̀ tí mo ní í sọ gùn, n kò sì fẹ́ kí àyà yín já bí ẹ bá dé ìsàlẹ̀.

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Merle ọkọ mi ní ahéré ọdẹ. Lọ́dún 1985, ó yìnbọn sí akọ àgbọ̀nrín kan, ó tàsé. Wọ́n gé ìdí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ẹni tó bá tàsé, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ àti ọdún sí i lára, wọ́n kàn án mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn atàsé yòókù. Ó rẹ́rìn-ín. Lọ́dún tó kọjá, ó tún tàsé níbì kan náà, wọ́n tún gé e. Ìyẹn ni kò rẹ́rìn-ín sí. Orval tó ń di sísọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń gé e mú láti ìgbà tí bàbá wa ti wà láyé sọ fún un pé, "Merle, bó o bá tún fún wa ní ẹ̀kẹta, a ó kúkú fi rán kọ́tìnnì." Gbogbo ahéré rẹ́rìn-ín. Nígbà tó délé, kó tó bọ́ bàtà ló ti sọ fún mi pé bí òun bá tún tàsé lẹ́ẹ̀kan sí i, òun á gbé ìbọn bàbá òun kọ́ sórí ògiri, òun ò sì ní tẹ ahéré yẹn mọ́.

Ẹ̀yin náà mọ Merle. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti ilé iṣẹ́ awọ pa, ahéré yẹn nìkan ló kù tó ń dìde tìtorí rẹ̀. Bí oṣù Kọkànlá bá ti ń sún mọ́lé, á máa rìn bí ọmọkùnrin. Mo rò ó pé bí èyí náà bá lọ, orí àga tó wà lẹ́bàá sítóòfù ni màá máa bá a títí tí ọ̀kan nínú wa á fi kú.

Ojú rẹ̀ ló ń dà á láàmú. Dókítà ní nǹkan funfun ti ń bò ó, ṣùgbọ́n kò tíì tó ohun tí wọ́n lè fi abẹ yọ. Wendell ló wá là á yé mi. Ó ní irin kékeré méjì ló wà lórí ìbọn Merle, ọ̀kan nítòsí ojú, ọ̀kan lẹ́nu ìbọn lọ́hùn-ún, èèyàn sì ní láti to méjèèjì mọ́ ara ẹran tó wà lókèèrè. Nǹkan mẹ́ta, ibi mẹ́ta, lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú tó ti gbó kò lè ṣe é. Ó ní awò ìbọn ni kí a rà fún un, pé inú awò, gbogbo rẹ̀ á wà lójú kan. Mo ní owó kan tí mo fi pa mọ́ fún ẹ̀wù òtútù, ọgọ́rin dọ́là. Mo sọ fún ara mi pé ẹ̀wù ti àtijọ́ náà ṣì ní bọ́tìnnì.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ sí ṣọ́ọ̀bù Haskell ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá. Haskell to awò mẹ́ta sórí tábìlì. Ọ̀kan jẹ́ dọ́là mọ́kàndínlógójì, ó lè sún nǹkan mọ́ni ní ìlọ́po mẹ́ta títí dé mẹ́sàn-án. Ọ̀kan jẹ́ dọ́là mẹ́rìnléláàádọ́rin, ìlọ́po mẹ́rin péré ni tirẹ̀, kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. Ẹ̀kẹta jẹ́ igba dọ́là ó lé ọgọ́ta, ìyẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ wa, ó kàn gbé e síbẹ̀ kó lè rí wa bí a ṣe ń gbé itọ́ mì ni. Merle dì mọ́ ti mẹ́sàn-án. Ó fi wo kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri ẹ̀yìn, ó ka orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ jáde. "Mẹ́sàn-án, Verna. Mẹ́rin nìyẹn ní, ó tún fẹ́ gbowó tó tó ìlọ́po méjì. Ta ló ń ṣe irú òwò bẹ́ẹ̀?"

Ẹ mọ̀ pé n kò mọ nǹkan kan nípa ìbọn. Ṣùgbọ́n mo ti ra kábéèjì fún ilé ìdáná ilé ìwé fún ọdún mọ́kàndínlógún, mo sì mọ̀ pé a kì í yẹ ọjà wò lábẹ́ iná ọlọ́jà. Mo bi Haskell pé ṣé abẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni àgbọ̀nrín máa ń dúró sí. Haskell bú sẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kan àpá kan tó wà lókè ojú ọ̀tún rẹ̀, tó tẹ̀ kọrọdọ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Ó ní, "Mo ti ń retí ẹni tó máa bi mí ní ìbéèrè yẹn láti àárọ̀. Ṣé ẹ rí èyí? Awò olówó pọ́ọ́kú ló fún mi. Èèyàn ní láti gbé ojú sún mọ́ ọn kó tó ríran, bí ìbọn bá sì ti tapá báyìí, ojú rẹ á gbọ́." Merle sún ojú sẹ́yìn díẹ̀ láìmọ̀. Haskell ní kí a dúró kí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú.

Nígbà tó di nǹkan bí aago márùn-ún, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó kó awò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ mọ ibẹ̀, ibi tí a ti lè máa wo ilé ìlọkà lókèèrè àti àwọn igi ápù tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Oòrùn ti wọ̀. Àwọn igi ápù yẹn ti di dúdú lásán lójú mi. Merle kọ́kọ́ gbé ti mẹ́sàn-án sójú, ó yí i lọ yí i bọ̀, ó ní òun ò rí nǹkan kan. Èmi náà wò ó. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń wo ìsàlẹ̀ agbada tí omi ìfọbọ́ wà nínú rẹ̀, ó sì ń gbọ̀n.

Mo wá gbé ti mẹ́rin sójú. Ẹ̀gbọ́n mi, n kò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Mo rí ológbò kan lórí igi ìdáná tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìlọkà. Mo rí irun imú rẹ̀. Mo gbé e sókè díẹ̀ sí abẹ́ igi ápù, abo àgbọ̀nrín kan dúró síbẹ̀ tó ń jẹ èso tó bọ́ sílẹ̀, mo rí èémí tó ń jáde nímú rẹ̀, mo rí ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń jẹ. Mo gbé awò kúrò lójú: òkùnkùn, kò sí ẹran kankan. Mo gbé e padà: ó wà níbẹ̀, ó ń jẹ èso rẹ̀. Mo ṣe é tó ìgbà márùn-ún. Ẹnu mi kò lè pa dé. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mí, n kò mọ̀ rí pé ìmọ́lẹ̀ ṣì máa ń kù nílẹ̀ lẹ́yìn tí ojú wa bá ti sọ pé ó ti tán. Ta ló ń rí gbogbo rẹ̀ láti ọjọ́ yìí? Haskell gbé ti olówó ńlá fún mi. Òótọ́ ni pé ó tún mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n díẹ̀ yẹn kò tó ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ jẹ gbèsè.

Ó wá kan Merle láti wo ti mẹ́rin. Ó dì í mú pẹ́ títí Haskell fi wúkọ́. Ó wá ní, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, "Mo rí etí rẹ̀." Lẹ́yìn náà ó tún ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti rí etí ẹran gbẹ̀yìn." Mo ṣí pọ́ọ̀sì mi lójú ẹsẹ̀.

Èèyàn kan ní abúlé kejì ló lu ihò mẹ́rin sí orí ìbọn bàbá rẹ̀ láti fi de awò náà. Merle jáde síta nígbà tí wọ́n ń lù ú, ó ní òun ò lè fetí gbọ́ ọ. Ní Sátidé tó ṣáájú Ọjọ́ Ìdúpẹ́, nígbà tí gbogbo wọn máa ń lọ dán ìbọn wò ní pápá ẹgbẹ́ ọdẹ, mo bá a lọ. Ó yin ọta mẹ́ta sí bébà tí wọ́n gbé kọ́ sí ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀. Nígbà tí wọ́n mú bébà wá, Orval fi ẹnu ife kọfí rẹ̀ dé ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó yọ síta. Kò yẹ̀yẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ yẹn. Ọwọ́ ọkọ mi kò jẹ̀bi rárá, ojú ló jẹ̀bi. Mo jẹun Ọjọ́ Ìdúpẹ́ pẹ̀lú ayọ̀, mo tún yan páì elégédé méjì fún un láti gbé lọ sí ahéré.

Ọjọ́ Ajé tí ọdẹ bẹ̀rẹ̀, ilé ìwé kì í ṣí lọ́jọ́ yẹn, mo sì wà nílé. Ọjọ́bọ̀ ni mo ti ń retí Merle. Ṣùgbọ́n ó di aago mẹ́ta ọ̀sán Ọjọ́ Ajé náà gan-an, mo gbọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ti Wendell tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Kò sí ẹran lẹ́yìn ọkọ̀. Àyà mi já. Bó ṣe wọlé, ìdí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò, ó sì wà lódindi. Igi kan ló gbé dání, egbò igi tí wọ́n fi ayùn gé, ó fẹ̀ tó àwo ìjẹun. Ó gbé e lé orí tábìlì, lórí rọ́bà tábìlì mi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Mo fẹ́ pariwo mọ́ ọn, àfi bí mo ṣe rí ojú rẹ̀. Ihò méjì ló wà lára igi náà, àárín wọn kò ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ.

Bó ṣe rò ó fún mi nìyí, Wendell sì jókòó tì í tó ń gbọ́. Ó ní ní ìdájí, kùrukùru díẹ̀ wà, òun jókòó síbi tí òun máa ń jókòó sí lábẹ́ àpáta. Bí aago ṣe tó àkókò tí òfin gbà wọ́n láàyè láti yìnbọn, akọ àgbọ̀nrín kan ti dúró sí òdìkejì àfonífojì, níbi tí èyí tó tàsé lọ́dún méjèèjì dúró sí gan-an. Ó gbórí sókè, ìwo rẹ̀ ya. Merle ní àyà òun ń lù débi tí òun ń gbọ́ ọ nínú fìlà. Ó gbé ìbọn sókè, ó gbé ojú sínú awò.

Kì í ṣe ẹran. Ìdí igi ńlá kan ni, tí ìjì wó ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tí egbò rẹ̀ dìde dúró pẹ̀lú erùpẹ̀, egbò méjì sì yọ lókè bí ìwo. Ó gbé ojú kúrò: àgbọ̀nrín. Ó gbé ojú padà: igi. Níbi tí èjìká ẹran ì bá wà, ó rí ihò méjì tó wà níbẹ̀ kedere. Ọ̀gbẹ́ni yìí kò tàsé rí, ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tó yìnbọn sí lọ́dún méjèèjì ló bà. Àwọn abo tó wà nínú igbó lẹ́bàá ibẹ̀ ló ń sá nígbà tí ìbọn dún, òun á sì máa wá ẹ̀jẹ̀ lọ síbi tí wọ́n sá gbà.

Ó ní òun kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, òun nìkan nínú yìnyín. Ó ní òun ti ń ronú bí òun ṣe máa wọ ahéré, tí òun á ní kí Orval já ìdí ṣẹ́ẹ̀tì méjèèjì wálẹ̀, nítorí kò sí ẹran níbẹ̀ tí òun tàsé. Ó sọdá àfonífojì láti lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọta kan há sínú egbò. Èkejì là á kọjá. Ó yí sí ẹ̀yìn rẹ̀ láti mọ ibi tó lọ, ó sì rí ihò mìíràn lára igi kan lódìkejì, ní ìwọ̀n àyà èèyàn. Láàárín egbò yẹn àti igi kejì, ọ̀nà ẹsẹ̀ kan wà níbẹ̀, kò fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀dì wa lọ. Ipa bàtà tuntun wà nínú yìnyín lórí rẹ̀, ti àárọ̀ ọjọ́ náà.

Bàtà Wendell ni. Ọ̀nà òkè ló ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ síbi ìjókòó tirẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí igi yẹn wó dínà, ó yà sí ìsàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó rò pé ó yẹ kí wọ́n sọ fún Merle. Lójoojúmọ́ ọdẹ, ní ìdájí, ibẹ̀ ló ń gbà.

Merle jókòó sínú yìnyín. Wendell tó ń bọ̀ wálẹ̀ láti jẹun ló bá a níbẹ̀, ó rò pé ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Merle nawọ́ sí egbò náà. Wendell wo egbò, ó wo ọ̀nà, ó ti ìka bọ inú ihò tó wà lára igi kejì. Ó wá rántí pé lọ́dún tó kọjá, bí òun ṣe kọjá níbẹ̀ tán, òun gbọ́ ìbọn lókèèrè, nǹkan kan sì dún gbà lára igi lẹ́yìn òun. Ó rò pé òtútù ló la igi, bó ṣe máa ń là á. Kò bojú wẹ̀yìn. Merle ní kí n má ṣe fi ìyẹn pa mọ́ fún yín, mi ò sì fi pa mọ́.

Àwọn méjèèjì sọ̀ kalẹ̀. Ní ọ̀sán, lójú gbogbo ọkùnrin ahéré, Merle dìde dúró, ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó fa ìdí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jáde, ó ní kí Orval gé e. Orval, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, mú sísọ́ọ̀sì, ó tún gbé e kalẹ̀. Ó ní, "Ti ẹni tó tàsé la máa ń gé. A ò ní èyí tí a ń gé fún ẹni tó yìnbọn sí ohun tí kò rí." Ó já méjèèjì tó wà lára ògiri, ó fi lé e lọ́wọ́. Wendell ló sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, tó ní, "Ọ́ńkù, ẹ jókòó, ọbẹ̀ ń tutù. Bí ẹ bá tún fẹ́ pa mí, ẹ jẹ́ kí n jẹun ná." Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín. Merle bú sẹ́kún.

Ẹ̀rù Ọlọ́run bà mí, ẹ̀gbọ́n mi. Mo ń rántí ìrọ̀lẹ́ yẹn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Haskell. Mo rò pé awò yẹn wà kí ọkọ mi lè pa ẹran. Dọ́là mẹ́rìnléláàádọ́rin, owó ẹ̀wù òtútù. Bí kì í bá ṣe awò náà, ọta kẹta ni ì bá yìn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Èmi náà sì ní ẹjọ́ tèmi. Lọ́dún méjèèjì, bó ṣe ń tàsé tó ń bọ̀ wálé, bí ìwo ẹran náà ṣe tó ni mo ń bi í. Kò sígbà kan tí mo bi í pé, "Ṣé o rí i dáadáa?" Bẹ́ẹ̀ èmi tí mo ń bá a gbé mọ̀. Nígbà òjò tó kọjá, ó kí òpó àpótí lẹ́tà wa pé ẹ káàárọ̀, mo sì fi ṣe àwàdà fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, àwa mú ojú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọdẹ kù títí di Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wendell ti wá lẹ́ẹ̀mejì láti mú un padà lọ sí ahéré. Ó ní òun ti dárí jì í, pé awò wà báyìí, kí ló kù? Merle ní kì í ṣe Wendell nìkan ló ni Wendell. Ó ní ẹ̀yin tí ẹ bí i ni òun jẹ lẹ́jọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí nígbà mẹ́ta, ó fà á ya, ó wá ní kí n bá òun kọ ọ́. Bí ẹ bá ní kó gbé ìbọn kọ́, á gbé e kọ́, kò sì ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá ní kó lọ, á lọ. N kò ní bẹ̀ yín sí ọ̀nà kankan. N kò mọ èyí tí mo fẹ́ pàápàá. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ ohun tó bá wà nínú yín, ẹ kọ ọ́ sí òun fúnra rẹ̀.

Ẹ bá mi kí Bọ̀ọ̀dá Floyd, ẹ ka lẹ́tà yìí fún wọn nígbà tí wọ́n bá jí. Ẹ kí ará ilé kejì yín tó ń fún yín ní lẹ́mọ́ọ̀nù. Ẹ má jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí orúnkún yín.

Wendell á wá jẹun lọ́dọ̀ wa ní Sọ́ńdè. Mo ti gbé àga rẹ̀ kúrò lẹ́bàá fèrèsé, mo gbé e sí ibi tí mo ti lè máa wò ó láti ìdí sítóòfù.

Èmi ni tiyín, àbúrò yín tó ń ṣọ́ ọ̀nà àpótí lẹ́tà,
Verna